Ògiri yàrá mi ń bu, ikọ́ kò sì fi mí sílẹ̀: ṣé kí n kó kúrò ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, ní ìsàlẹ̀ níbi tó kọjú sí ọ̀sà. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ouando. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ikọ́ kan ti dè mí mọ́lẹ̀. Tó bá di ìdájí, àyà mi á máa dún fíì-fíì, imú mi á dí, orí á máa fọ́ mi. Mo ti mu oògùn ikọ́ títí, wọ́n ti gún mi lábẹ́rẹ́. Á lọ, á tún padà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni mò ń lò déédéé. Ní oṣù tó kọjá la sún kọ́bọ́ọ̀dù, la bá rí i pé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú kanlẹ̀, ó ń rùn, ìdì aṣọ tí mo kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà sì ti ń bu. Ẹnì kan lórí WhatsApp ní májèlé ògiri ti wọnú ẹ̀jẹ̀ mi, pé kí n ra àgúnmu kan tí yóò fọ̀ ọ́ jáde, 40,000 sẹfà. Ọkọ mi ní ògiri kì í pa èèyàn, pé omi Javel (bleach) á tán an. Nígbà tí mo lọ ṣe Iléyá ní Kétu, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi sùn láìwúkọ́. Ràṣídá ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, náà ti ń wúkọ́ lóru báyìí. Ṣé ògiri yìí ló ń ṣe wá? Ṣé ká kó kúrò ni? Ìyá Ràṣídá, Àjàṣẹ́.

Ìdáhùn: Ìyá Ràṣídá, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú ọjà.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀sẹ̀ Iléyá yẹn ló gbà mí láfiyèsí jù, ó ju ògiri dúdú lọ. Ikọ́ tí kò bá nídìí nínú ilé kò ní mọ̀ pé ẹ ti dé Kétu. Tó bá dákẹ́ nígbà tí ẹ jáde nílé, tó tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ wọlé, ilé ni ká kọ́kọ́ fura sí. Nítorí náà, mo gbà pé ilé yín lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àmọ́ inú ilé kan náà lèéfín wà, eruku wà, aáyán wà, tùràrí wà. Ẹ má tíì di gbogbo ẹrù ru ògiri.

Nǹkan dúdú yẹn, ìdílé kan náà ni òun àti olú tí à ń ká lóko. Tó bá gbó, á tú hóró wẹ́wẹ́ sínú afẹ́fẹ́, hóró tí ojú lásán kò lè rí. Kò sẹ́ni tí kì í fà á símú lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ lóko, ìbáà jẹ́ lọ́jà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò kọ̀ ọ́ kò ní mọ̀ rárá. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ ńkọ́? Imú á máa ṣomi tàbí kó dí, ojú á máa yún un, àwọn ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró á wú, wọ́n á kún fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀, wọ́n á sì fún. Fífún yẹn lẹ̀ ń gbọ́ tó ń dún fíì-fíì ní ìdájí. Òun náà ló jẹ́ kí ẹ̀yin máa wúkọ́ nígbà tí bàbá Ràṣídá ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Kì í ṣe pé ẹ̀ ń ṣe àṣejù, kì í sì í ṣe pé ó ń purọ́ pé òun kò rí nǹkan kan.

Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé kó ìwádìí tó wà lórí ilé tó rin àti ilé tó bu jọ, wọ́n sì gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣòro: àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ní ìṣòro imú àti àyà jù, àwọn ni àkóràn èémí ń mú jù, ikọ́ fée (asthma) wọn ló sì máa ń le jù. Wọn kò dá iye kan pé bí hóró bá ti tó báyìí nínú afẹ́fẹ́, ó ti di ewu. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe ni pé ká mú omi kúrò, ká sì mú ohun tó hù kúrò. Ẹ ò wá nílò kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín láti wá wọn afẹ́fẹ́ yàrá. Tí imú bá gbóòórùn ẹ̀, tí ojú bá rí i, àyẹ̀wò ti parí.

Ẹ wá jẹ́ kí n dá bàbá Ràṣídá lóhùn díẹ̀. Ní ìlú Rochdale lórílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún méjì kan tó ń jẹ́ Awaab Ishak kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Nígbà tó di 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ ọ́ ní gbangba pé ilé tó bu, tí ọmọ náà gbé inú rẹ̀ pẹ́, ló fa àìsàn èémí tó pa á. Àwọn òbí rẹ̀ ti ké sí onílé títí. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé kí wọ́n kun ún. Òfin tí wọ́n ṣe lórí ilé ní 2023 ní apá kan tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà pè. N kò sọ èyí kí àyà yín lè já. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀, ọmọ kékeré ni, ilé yẹn sì ti bàjẹ́ kọjá ààlà. Mo kàn fẹ́ kí bàbá wa mọ̀ pé “ògiri kì í pa èèyàn” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Àgúnmu 40,000 yẹn ńkọ́? Ẹ má rà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yẹn pamọ́, màá sọ ibi tó yẹ kó gbà lọ. Ọ̀rọ̀ pé olú dúdú ń da májèlé sínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ń fà á símú ti pẹ́ lágbàáyé. Ní Cleveland, Amẹ́ríkà, láàárín 1993 sí 1994, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ọwọ́ kan, àwọn olùwádìí sì kọ́kọ́ nàka sí olú dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Stachybotrys. Nígbà tó di ọdún 2000, CDC, iléeṣẹ́ ìjọba wọn tó ń bójú tó àrùn, tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n sì ní ẹ̀rí rẹ̀ kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìròyìn àkọ́kọ́ ti gbayé kan nígbà yẹn, títí dòní ló sì ń bí ọmọ lórí fóònù wa. Àwọ̀ kò sọ nǹkan kan. Dúdú, ewé tútù, funfun, gbogbo wọn ló lè da àyà ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ wọ́n láàmú.

Àwọn kan tún ń ta àyẹ̀wò ìtọ̀ pé yóò fi májèlé ògiri hàn. Ní ilẹ̀ wa níbí, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yóò rí nǹkan lóòótọ́, àmọ́ nínú oúnjẹ ló ti wá. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí a kò sá gbẹ dáadáa kí a tó kó wọn pamọ́ máa ń bu, olú kan sì ń ṣe aflatoxin sínú wọn. Ìyẹn ni májèlé gidi, ẹ̀dọ̀ ló sì máa ń bá jà. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, èèyàn 125 ni àgbàdo tó bu pa. Ẹ máa ṣa ẹ̀pà tó bu dànù, ẹ má fi àgbàdo tó ti yí àwọ̀ padà ṣe ògì. Ọ̀rọ̀ ikọ́ yín kọ́ nìyẹn, n kàn ní kí n má fò ó dá ni.

Ó ku ohun méjì tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò lọ́nà kí a tó máa bá ògiri jà. Àkọ́kọ́ ni ikọ́ ife (TB). Ẹnikẹ́ni tí ikọ́ rẹ̀ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ lọ fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò yẹn àti oògùn rẹ̀ ní Benin. Ọdún mẹ́ta lẹ ti ń wúkọ́, lẹ́tà yín kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín rí. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Tí ẹ bá ń rù, tí ẹ ń làágùn lóru tàbí tí ẹ ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ lónìí.

Èkejì ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ẹ mú páálí rẹ̀ síta, ẹ wo orúkọ oògùn tí wọ́n kọ ní lẹ́tà kéékèèké lábẹ́ orúkọ ńlá. Tó bá parí sí “pril”, bíi captopril, enalapril tàbí ramipril, ó wà lára àwọn tó máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan, ó sì lè fà á fún ọ̀pọ̀ oṣù. Òun kì í sáábà mú àyà dún fíì-fíì, kì í sì í dákẹ́ nítorí pé èèyàn lọ sí Kétu, àyàfi tí ẹ bá gbàgbé oògùn sílé. (Ṣé ẹ gbàgbé ẹ̀ sílé ni? Inú mi á dùn láti mọ̀.) Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Dókítà lè fi irú mìíràn tí kì í fa ikọ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá mọ́, tí oògùn kò sì jẹ̀bi, ohun tí ẹ ṣàpèjúwe jọ ikọ́ fée. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀rọ kékeré tí à ń fẹ́ èémí sí, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní débitmètre. Ẹ máa fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ àti lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́, kí ẹ kọ èyí tó ga jù sílẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ti àárọ̀ bá ń wálẹ̀ gan-an ju ti alẹ́ lọ lójoojúmọ́, ikọ́ fée ń fara hàn nìyẹn. Tí ẹ bá lè sun ọjọ́ díẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan tí ilé rẹ̀ gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà, tí ẹ sì ń fẹ́ ẹ lọ níbẹ̀, ìwé yẹn á sọ fún dókítà ju gbogbo àlàyé tí ẹ lè fẹnu ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń fara pa nínú ìtọ́jú ikọ́ fée nìyí: wọ́n á ra pọ́ǹpù aláwọ̀ búlúù, salbutamol, wọ́n á máa fà á nígbàkígbà tí àyà bá fún, wọ́n á sì rò pé àwọn ń tọ́jú ara àwọn. Òun kàn ń la ọ̀nà fún wákàtí díẹ̀ ni. Wíwú inú ọ̀nà èémí ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó ń mú wíwú yẹn lọ ni pọ́ǹpù kejì, èyí tó ní béclométasone tàbí budésonide nínú. Ojoojúmọ́ là ń fà á, àárọ̀ àti alẹ́, yálà ara yá tàbí kò yá, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí èèyàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lára. Láti ọdún 2019 ni ìtọ́sọ́nà àgbáyé lórí ikọ́ fée ti sọ pé kí àgbàlagbà má ṣe lo ti búlúù nìkan mọ́. Ẹ bi dókítà léèrè rẹ̀ ní tààrà. 40,000 yẹn, ibẹ̀ ni kó lọ.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún yín tí ara fi yá kíákíá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú oògùn inú pọ́ǹpù kejì yìí kan náà ni, àmọ́ gbogbo ara ló gbà lọ, kì í ṣe àyà nìkan. Ẹni tó bá ń gbà á lóòrèkóòrè ń fa ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́, egungun rẹ̀ á máa fúyẹ́, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ á sì máa lọ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀ kò yẹ kí ẹ tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín nírú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ fàrímásì.

Pọ́ǹpù náà ní bí a ṣe ń lò ó, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ ọ́n lò, oògùn náà á kàn lẹ̀ mọ́ ahọ́n. Ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ mí èémí jáde tán. Ẹ di ẹnu mọ́ ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan bí ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì sé èémí, kí ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá. Tí èyí bá ṣòro, pàápàá fún Ràṣídá, ẹ wá ike omi 500 ml tó mọ́ tó sì gbẹ. Ẹ gé ihò sí ìdí rẹ̀ tí ẹnu pọ́ǹpù á wọ̀ pinpin, ẹ fi téèpù dí àyíká rẹ̀. Ẹ tẹ pọ́ǹpù sínú ike, kí ọmọ fi ẹnu sí ẹnu ike, kó mí wọlé mí jáde ní ìgbà márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ tó tẹ ìkejì. Ní 1999, àwọn dókítà ní Cape Town fi hàn pé irú ike yìí ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà ń ṣe fún àwọn ọmọdé tí ikọ́ fée mú. Lẹ́yìn pọ́ǹpù ojoojúmọ́, ẹ fi omi fọ ẹnu, kí ẹ tu ú dànù, kí nǹkan funfun má baà hù sórí ahọ́n yín.

Ọjọ́ tí èèyàn kò bá lè sọ̀rọ̀ kan parí láìdúró mí, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tí ti búlúù kò sì ràn án mọ́, kì í ṣe ọjọ́ àgbo. Ẹ fà á ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́wàá, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, àmọ́ orí zémijan (ọ̀kadà) tàbí nínú ọkọ̀ ni kí ogún ìṣẹ́jú yẹn ti bá yín, lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ó wá kan ilé. Hóró olú wà níbi gbogbo. Omi ni kò sí níbi gbogbo. Bí nǹkan bá ti rin fún ọjọ́ kan sí méjì láìgbẹ, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Nítorí náà, ẹni tó ń fọ dúdú ara ògiri láìwá omi rí, iṣẹ́ tí kò ní parí ló dáwọ́ lé.

Ẹ wo ibi tí dúdú náà ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ilẹ̀ gòkè dé orúnkún tàbí ìbàdí, tí ọ̀dà ń ṣí, tí iyọ̀ funfun ń yọ lára ògiri, omi ilẹ̀ ni ògiri ń fà bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Ìsàlẹ̀ Àjàṣẹ́ lọ́hùn-ún, tí omi kò jìnnà sábẹ́ ilẹ̀, èyí pọ̀ púpọ̀. Tó bá ti òkè wá, tí àbàwọ́n rẹ̀ rí róbótó tí etí rẹ̀ sì pọ́n, páànù ló ń jò. Tó bá jẹ́ àárín ògiri tàbí igun yàrá, ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ó lè jẹ́ omi inú afẹ́fẹ́ ni: èémí èèyàn mẹ́rin tó ń sùn pọ̀, aṣọ tí a sá sínú ilé nítorí òjò, ìkòkò tó ń hó nítòsí ìlẹ̀kùn.

Tí kò bá dá yín lójú, ẹ ṣe báyìí. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ojú ìwé méjì. Ẹ fi téèpù lẹ ẹ́ mọ́ ògiri ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá rí omi láàárín ọ̀rá àti ògiri, inú ògiri lomi ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọjú sí yín ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló rin.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí omi ilẹ̀, torí pé òun ni mo fura sí jù nínú ilé yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ Àjàṣẹ́, títí kan àwọn tí àwọn Àgùdà kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti Brazil dé, amọ̀ pupa ló wà nínú ògiri wọn. Ohun tí omi lè gba inú rẹ̀ gbẹ jáde ni wọ́n fi rẹ́ ẹ nígbà náà. Ògiri náà ń mu omi lójò, ó ń gbẹ lọ́yẹ́, kò sì sí wàhálà. Ìgbà tí àwa dé, a fẹ́ kó dán, la bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú lóde, a tún fi ọ̀dà olóròóró lé e. Omi ṣì ń wọlé láti ìsàlẹ̀, kò rí ibi jáde mọ́, ló bá ń gòkè sí i. Ẹ ó rí ilé tí wọ́n tún rẹ́ lọ́dún tó kọjá tó ti ń ṣí lọ́dún yìí, onílé á sì ní bíríkìlà ló jẹ òun lówó. Bíríkìlà kò jẹ ẹ́ lówó. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n ha sìmẹ́ǹtì náà kúrò níbi tó rin, kí ògiri mí, kí wọ́n sì lọ wo ìta.

Ìta yẹn gan-an ni owó kékeré ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ dúró lẹ́yìn yàrá yín nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ ògiri ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí? Ṣé ibẹ̀ ni omi balùwẹ̀ ilé kejì ń ṣàn gbà? Ṣé wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ sí àgbàlá títí ilẹ̀ ìta fi ga ju ilẹ̀ yàrá lọ? Gọ́tà páànù kan, kòtò tóóró kan tó ń darí omi lọ, yẹ̀pẹ̀ tí a kó kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri: mo ti rí ibi tí mẹ́ta yìí ti gbẹ yàrá tí wọ́n ti fi Javel fọ̀ títí.

Javel kì í ṣe nǹkan burúkú. Lórí táílì, lórí ike, ó ń ṣiṣẹ́. Lórí amọ̀, pákó àti ògiri tó ń mumi, ojú lásán ló ń fọ̀. Àwọ̀ á lọ, gbòǹgbò á kù, bẹ́ẹ̀ sì ni hóró tó ti kú ṣì ń da àyà láàmú. Òórùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ tó láti mú ikọ́ fée bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ ọtí kíkan tàbí oògùn ìfọlé mìíràn láé, èéfín tó máa ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn. Omi ọṣẹ àti kànìnkànìn ló dára jù, kí ẹ jẹ́ kí ògiri tutù kí ẹ tó ha á, torí pé ẹni tó bá ha á ní gbígbẹ ló ń tú gbogbo rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ṣe é, Ràṣídá náà kò gbọ́dọ̀ sí nílé. Bàbá Ràṣídá tó ní ògiri kì í pa èèyàn ni kó ṣe é, kó bo imú dáadáa, kó ṣí fèrèsé sílẹ̀. Tí ibi tó bu bá fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́ta lọ, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àjà pákó pẹlẹbẹ tó ti bu kò ṣeé fọ̀, ẹ yọ ọ́ dànù. Fọ́ọ̀mù tó ti gba òórùn náà, ẹ má sá a, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má sì kun ọ̀dà lé e lórí.

Ìdì aṣọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ kó o jáde lálẹ́ òní. Òru mọ́jú ni imú yín fi ń wà lókè rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọjà ni, owó ni, àti pé kò síbi tí ẹ máa kó o sí. Tí ẹ bá lè gba igun kan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ní Ouando, kí ẹ gbé e sórí pákó kó má kan ilẹ̀, ẹ ó tún gba aṣọ náà là. Èyí tó ti bu, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn gangan. Ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù àti bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, kí ọwọ́ lè kọjá lẹ́yìn wọn. Ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì sí ògiri tó gbẹ jù. Tí yàrá bá jẹ́ méjì, ẹ sùn sí èyí tí oòrùn ń wọ̀, kí ẹ fi èkejì ṣe pálọ̀. Tùràrí àti oògùn ẹ̀fọn tí à ń dáná sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi ná. Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ máa ta.

Ṣé kí ẹ kó kúrò? Tí ọ̀rá bá fi hàn pé inú ògiri lomi ti ń bọ̀, tí onílé kò sì fẹ́ fọwọ́ kan ìta, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa múra. Kì í ṣe lọ́la. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí onílé, ẹ ya fọ́tò ògiri pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yà á, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Láti ọdún 2018 ni òfin ilé gbígbà ti wà ní Benin, onílé kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àsansílẹ̀ tó ju owó oṣù mẹ́ta lọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé. Ìyẹn á ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń wá ibòmíràn. Ẹ má lọ wo ilé lọ́yẹ́, gbogbo ilé ló ń gbẹ lọ́yẹ́. Oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn òjò ńlá kan, ni kí ẹ lọ. Ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ dúró nínú yàrá kí ẹ fi imú gbọ́ ọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ ògiri. Ọ̀dà tuntun tó mọ níwọ̀n ìbàdí, tí òkè rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́, ẹ yẹra fún un. Ẹ bi àwọn ará ilé pé ibo ni àgbàrá dé lọ́dún tó kọjá. Wọn kì í purọ́ fún ẹni tó bá kí wọn dáadáa.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ kó lọ sílé tó gbẹ kí ikọ́ fée ṣì wà. Ara tó ti kọ nǹkan kì í tètè gbàgbé, eruku ojú ọ̀nà àti èéfín náà sì wà ní Ouando. Ara á fúyẹ́, oògùn lè dín kù, àmọ́ dókítà ni kó dín in. Nígbà Ààwẹ̀, pọ́ǹpù ojoojúmọ́ kò ní wàhálà, ẹ fà á ní sààrì àti lẹ́yìn ìṣínu. Ti búlúù lọ́sàn-án, ẹ bá àlùfáà yín sọ ọ́ kí oṣù tó wọlé. Ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò lórí rẹ̀, àmọ́ ẹni tí èémí rẹ̀ ń há kò gbọ́dọ̀ dúró de àríyànjiyàn. Àwọn ọjọ́ kan á wà tí ẹ ó jí pẹ̀lú àárẹ̀ bí ẹni tí kò sùn, torí pé ẹ kò sùn lóòótọ́. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé ikọ́ fée ni, ẹ pè é lórúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà máa tọ́ka sí ìyàwó bàbá àgbà kan.

Ràṣídá kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí ẹ̀yin bá yá. Ẹ mú un dání lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ń lọ fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé òru ló máa ń wúkọ́ àti pé yàrá kan náà lẹ jọ ń sùn. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú àpò kan, títí kan àgbo àti páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ sì mú fọ́tò ògiri náà lọ́wọ́.